Àlejò Akpassi ní Ìsọ̀ Táyà

Òórùn táyà tuntun kò jọ òórùn ohun mìíràn. Ó ń ta sánsán bí ọ̀dà títì tí oòrùn ń yọ́, síbẹ̀ adùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Títí di òní, bí ó bá ti kàn mí nímú, ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Savalou ni mo máa ń rí, lẹ́bàá títì tó lọ sí Bantè, pẹ̀lú igi máńgòrò rẹ̀ àti àga gbọọrọ tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí lábẹ́ igi náà. Mo sì máa ń rí ara mi níbẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ aró kan tó tóbi jù mí lọ, fìlà àlòkù lórí, tí mò ń yí táyà kiri bí ẹni tí wọ́n fi gbogbo ayé lé lọ́wọ́.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé mo máa ṣe nìyẹn. Tíṣà ni bàbá mi, ará Bantè tí ìjọba gbé wá sí Savalou, tó sì fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni ọkọ rẹ̀. Nílé wa, bí èèyàn bá sín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èdè Faransé ni yóò fi sín. Èmi náà kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí girama, mo sì kọ́ àwọn ọmọdé fún sáà kan. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi, èmi náà fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń dún lọ lójú títì, ojú fèrèsé ni ojú mi máa ń wà. Lọ́jọ́ kan mo bá bàbá mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún táyà tuntun, mo sì rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ń fi èdè Faransé pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ekilibíráàsì. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ́ ọ, ó ń yí wìì láìfara kan ilẹ̀. Nígbà tó dúró, ẹ̀rọ náà tọ́ka sí ibi tó fúyẹ́ jù. Ọ̀gá kan òjé kékeré kan mọ́ etí irin rẹ̀ níbẹ̀, ó tún yí i, ó ní ó ti pé. Òjé tí kò tóbi ju èékánná lọ! Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ní ń pa ni." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ bá ọ̀gá náà.

Ọmọ Mahi, ẹ̀yà tó ni Savalou, ni ọ̀gá mi, ọkùnrin oníkùn ńlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí ó tó pa àwàdà tán. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó ń kọjá àti rédíò tí kì í pa. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tú táyà àtijọ́ kúrò lára irin, bí a ṣe ń ha ìpẹtà kúrò létí irin náà títí yóò fi dán, bí a ṣe ń fi omi ọṣẹ pa ètè táyà tuntun kí ó lè yọ̀ wọlé. Ó ní kí n má ṣe bá táyà jà. Bàbá mi ti máa ń sọ irú rẹ̀ nílé pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko, ṣùgbọ́n apá tó ń ro mí ló jẹ́ kí n tó gbà á gbọ́. Bí táyà bá ti jókòó sínú irin, a ó fún un ní atẹ́gùn títí ètè rẹ̀ yóò fi fò mọ́ ààyè rẹ̀, gbàù! Gbàù yẹn máa ń dẹ́rù bà mí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ohun tí mò ń retí, bí ẹni ń retí kí àlejò dáhùn ìkíni.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, mo ti mọ iṣẹ́ náà tán, ọ̀gá sì máa ń fi ẹ̀rọ wíwọn sílẹ̀ fún èmi nìkan. Mo ti ní àfẹ́sọ́nà pẹ̀lú. Tíṣà ni òun náà (ẹ rí i pé mi ò lè sá fún wọn tán), ó ń kọ́ni ní Pira, ọmọ Akpassi ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, àgbẹ̀ oníkajú tó tún jẹ́ ìyá ìjọ nínú ìjọ aláṣọ funfun kan. Mi ò tíì rí ìyá náà rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti dá a pé bí wọ́n bá kó kajú tán, àwọn ẹbí yóò wá sọ́dọ̀ bàbá mi láti wá tọrọ mi. Àfẹ́sọ́nà mi, tí kì í fẹ́ ariwo, ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ ń ṣiṣẹ́ "nídìí ọkọ̀." Ìyá gbọ́ ọ, ó sì parí ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀: ó ní ìyàwó ọmọ òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, eruku pupa ti bo ewé máńgòrò. Ọkọ̀ kékeré funfun kan yà wọ ìsọ̀ wa láti ọ̀nà Bantè, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú. Àwọn táyà rẹ̀ ti pá bí orí arúgbó. Ọkùnrin kan tó wọ kẹ́ńbẹ̀ ló wà á, inú rẹ̀ kò dùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n láti ara sítíárìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán, ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà láìní bàtà bí ti àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó ní àwọn ti yà gbàdúrà ní Bantè kí àwọn tó máa bọ̀, ọkùnrin yìí ni àbúrò òun, ọkọ̀ náà ti mi gbogbo eegun inú òun pọ̀, kí wọ́n bá àwọn pààrọ̀ gbogbo táyà rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àti àjákù irin pọ̀ nílẹ̀ ìsọ̀ wa, mo bá sáré tẹ́ páálí fún un láti ibi tó dúró sí dé ìdí àga. Ó wò mí.

"Ìwọ obìnrin yìí lo máa ṣe é?"

Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé, "Òun ni, Màmá. Èmi, mo ti di olùwòran níbí."

Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá náà jókòó, ó ń wò mí, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Isha, Yorùbá àwa ará Bantè. Ó dùn mọ́ mi létí, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́. Ó bi mí bóyá ọmọ ìlú yìí ni mí. Mo ní ibí ni wọ́n bí mi sí.

"Ó dáa. Ǹjẹ́ o mọ bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Bantè, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì?"

Irin tí mo fi ń tú táyà yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó dún gbàlà lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Mo mọ̀ wọ́n, Màmá."

"Ọmọbìnrin rẹ̀ ńkọ́, èyí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀? Irú èèyàn wo ni?"

Mo gbójú sókè wo ọ̀gá mi. Ó ti gbọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì ti yé e, ikùn rẹ̀ ti ń mì. Kí n tó la ẹnu, ó ti gba ọ̀rọ̀ náà.

"Ha, Màmá! Ta ni kò mọ ìyẹn? Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí ẹ bá sì rí i nídìí oúnjẹ, ẹ ó rò pé wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀ àjàgbé."

Ojú ìyá náà yí padà. Ó sún mọ́ mi díẹ̀, bí ẹni pé èmi ni olóòótọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, ó sì sọ tinú rẹ̀ fún mi. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo lòun ní. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí òun wá fi ojú ara òun rí ọmọbìnrin náà kí àwọn ẹbí tó wá. "Torí bí ẹbí bá ti dé, tí wọ́n ti wẹ̀ fún un, tí wọ́n ti kì í nílọ̀, gbogbo ọmọ ní ń di ọmọ dáadáa."

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ nígbà náà? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá, irun mi wà lábẹ́ fìlà tí ẹyẹ pàápàá kò ní fi kọ́ ilé. Mo rò ó pé bí mo bá ní èmi ni, yóò rò pé a ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀. Mo ní kí n parí táyà kan ná, n ó sọ ọ́. Mo parí rẹ̀, mo ní kí n parí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i bí mo ṣe ń sún un síwájú. Ẹni tó gbọ́n, tó kàwé, tó lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú, kò mọ bí yóò ṣe sọ pé "èmi rèé."

Gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ló gbọ́ràn. Mo kan òjé mọ́ wọn, wọ́n yí, wọ́n pé. Èyí tó kẹ́yìn ló ní òun kò gbà. Mo kan òjé sí i, ó ní kò tó. Mo fi kún un, ó tún tọ́ka sí ibòmíràn. Mo tú táyà náà, mo yí i lórí irin kí ibi tó wúwo nínú rẹ̀ lè dojú kọ ibi tó fúyẹ́ lára irin, mo fún un ní atẹ́gùn padà, gbàù, mo tún gbé e kọ́. Pàbó ló já sí. Àbúrò ìyá náà dìde, ó wo ojú ọ̀run.

"Ẹ fi ìyẹn sẹ́yìn ọkọ̀, ká máa lọ. Bó bá wà lẹ́yìn, ta ni yóò mọ̀?"

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi pàápàá ti ń mi orí pé kí n gbà. Ṣùgbọ́n mo ronú kan ìyá yìí lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe yóò máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ títí dé Akpassi. Mo ní, "Rárá o, bùọ̀dá. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀ sí i."

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo gbé e sún mọ́ etí irin náà láìjẹ́ kó kàn án, mo wá ń fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá yí dé ibì kan, ṣọ́ọ̀kì á kàn án. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, kò ní kàn án mọ́. Mo tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe táyà ló ṣẹ̀, irin náà ló ti tẹ̀, kòtò ọ̀nà Akpassi kan ti fún un ní ìkúùkù. Òjé gbogbo ayé kò lè wo ìyẹn sàn. Mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ìpamọ́ inú búùtù wá, mo fẹ́ yọ irin tirẹ̀ lò. Àbúrò ìyá kọ hàà, ó ní ọjọ́ ti lọ. Ìyá náà kò wo ẹ̀yìn tó fi dá a lóhùn pé, "Dákẹ́, jẹ́ kó ṣe é."

Ó dìde lórí àga, ó wá dúró tì mí lórí páálí rẹ̀. Mo tú táyà àtijọ́ kúrò lára irin ìpamọ́, mo ha á mọ́, mo gbé táyà tuntun wọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ ẹ̀rọ. Ó yí wìì, ó dúró. Mo kan òjé kékeré kan mọ́ ọn. Ó tún yí, ó dúró, òdo méjì, àmì pé ó ti pé, sì yọ lójú ẹ̀rọ. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, mo rí i pé ojú ìyá náà kò sí lára ẹ̀rọ rárá. Èmi ló ń wò.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Bí àgbà bá bi ọmọ Isha ní ìbéèrè yẹn, kò sí ibi tí yóò sá gbà. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀.

"Ọmọ bàbá tíṣà tí ẹ ń bèèrè ni mí, Màmá. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ta tíkẹ́ẹ̀tì rí."

Ẹ̀rín ọ̀gá mi gé kúrú. Ìyá náà wò mí láti fìlà dé bàtà, ó wo ọ̀gá mi, ó tún wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajúro. Ó ní kí n dìde. Nígbà tí mo so ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kẹ́yìn mọ́ ọn, tí mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì le, tí àbúrò rẹ̀ ti sanwó, ó wọ inú ọkọ̀, ó ní, "Yí i padà. Ilé yá." Ọkọ̀ náà sì kọjú sí ọ̀nà Bantè, ibi tó ti wá. Kò yà sí ọ̀nà ilé bàbá mi, tí wọ́n torí rẹ̀ wá láti Akpassi.

Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo sunkún. Ọ̀gá mi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún mi, ó ń yí mi ká, ó ń bẹ̀ mí ní Mahi àti ní Yorùbá pọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ kí ọjọ́ dùn ni. Mo pe àfẹ́sọ́nà mi lórí fóònù, fóònù rẹ̀ wà ní pípa, ó wà ní kíláàsì. Mo lọ sílé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó gbọ́ ọ dópin, ó bi mí léèrè.

"Ọkọ̀ náà, ṣé ó ṣì ń gbọ̀n nígbà tó ń lọ?"

Mo ní kò gbọ̀n mọ́.

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àfẹ́sọ́nà mi pè mí, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti yà ní Pira, ó pè é jáde ní kíláàsì, ó sì bá a wí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Mo ní kí ló sọ nípa tèmi? Ó ní gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Ohun tí mo lọ wò, mo ti wò ó." Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì láyà láti bèèrè. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo gbé sùn, tí mo gbé jí, títí wọ́n fi kó kajú tán.

Wọ́n wá. Wọ́n kún ọkọ̀ méjì, wọ́n gbé iṣu àti kajú sísun wá, bàbá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ sí ìsìn Kérésìmesì, ọ̀gá mi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá tó gba àga méjì. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti tọrọ, àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ni ìyá náà bá dìde pé òun ní ọ̀rọ̀ kan.

"Ọmọ yìí kò ní lè máa ṣe iṣẹ́ yìí ní Savalou mọ́."

Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀. Mo ti ń tẹ orí mi ba, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi kọ̀ láìtàbùkù ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ̀ pé n ó kọ̀.

"Láti Bantè títí dé ọ̀dọ̀ tiwa, bí a bá ra táyà tuntun, Savalou ni à ń gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n tó bá wa wọ̀n ọ́n. A ò ṣẹ ẹnikẹ́ni láyé. Ilẹ̀ bàbá mi wà lẹ́bàá títì ní Bantè, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe nǹkan kan. Kí ó wá ṣe é lọ́dọ̀ wa."

Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ọ̀gá mi ń pariwo pé wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún òun lọ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ fún un, abọ́ tó kún dẹ́nu, ó ní kí ó jẹ ẹ́ tán lójú òun, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ àjàgbé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mo ti wà ní Bantè. Ẹ̀rọ tèmi jẹ́ àlòkù tí a gbé wá láti Cotonou, mo fi bóòtù kàn án mọ́ sìmẹ́ǹtì kí ó má baà purọ́ fún mi. Àwọn ará ìjọ ìyá ọkọ mi ń gbé ọkọ̀ wọn wá, àwọn ará ìjọ bàbá mi náà ń bọ̀, àwọn onímọ́tò tó ń gbé kajú kọjá náà ń dúró. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí n fi wíwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe òwe nípa ìgbéyàwó, pàápàá àwọn tíṣà ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n sún sẹ́yìn kí omi ọṣẹ má ta sí wọn láṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ìyá ọkọ mi jókòó, a ń pa kajú, ni mo bá bi í léèrè ohun tí mi ò bi í rí. Mo ní, lọ́jọ́ kìíní yẹn, lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tí ẹ fi yí padà tí ẹ ò dé ilé bàbá mi? Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n tó bí òun ti rò.

"Bí mi ò bá fẹ́ ọ ni, ǹ bá wọlé. Ǹ bá kí wọn, ǹ bá mu omi, ǹ bá bá tèmi lọ, ilé ẹlòmíràn náà ni. Ṣùgbọ́n bí o ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ó ti di ilé àna mi. Mi ò sì mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ta ní ń wọ ilé àna lọ́wọ́ òfo?"

Ó mú kajú mìíràn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi dá iṣẹ́ dúró, mo rántí ọmọbìnrin kan tó ń sunkún ní Savalou lábẹ́ igi, tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, lójú títì Bantè lásìkò yẹn gan-an, ẹnìkan jókòó jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀ funfun kan, ó ń ro irú iṣu tí yóò gbé wá fún bàbá ọmọbìnrin náà.